Ẹ̀ẹ̀rùn Tí Lọ́yà Di Olómi

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Kìíní

Ẹni tí mò ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ìwé yìí ta mí lọ́rẹ ọdún tuntun. Àwòrán ọṣẹ wà lára gbogbo ojú ewé rẹ̀. Ó ní kí n máa kọ iye aṣọ tí mo bá fọ̀ sínú rẹ̀. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n orí mi ń gbé ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi, Lọ́yà, ni mo fẹ́ máa kọ síbẹ̀, nítorí òní ló jókòó sórí àga ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ omi, bí n kò bá sì rí ibi da ọ̀rọ̀ sí, ikùn mi á wú.

Ní gbangba, "ẹ" ni mò ń fi bá a sọ̀rọ̀, bí ìyàwó tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Ìwé ò lè fẹjọ́ mi sun Màmá, ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa.

Láàárọ̀, ó dúró níwájú dígí bí ọmọ tó ń lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀wù dúdú kóòtù ló ń wọ̀ jáde, pẹ̀lú kọ́là funfun tí èmi fúnra mi ń fi sítáàṣì sí. Ní báyìí, ẹ̀wù àti kọ́là wà nínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Mo fẹ́ ti àpótí náà, ó ní kí n má tì í.

"Ó di ìparí oṣù Kẹta," ó ní.

Ìgbà yẹn ni wọ́n dá fún un. Òun ló gba ẹjọ́ àwọn ará Òkè rò, àwọn tí ẹ̀rọ omi wọn ti gbẹ láti ìgbà tí àwọn ìbejì mi, tí wọ́n ti lọ sí yunifásítì báyìí, ń rákòrò, ó sì borí iléeṣẹ́ omi ní kóòtù. Ìjọba ní ó dáa, ìwọ tí o mọ̀ ọ́n wí, wá ṣe é. Wọ́n rò pé yóò sá. Kò sá. Bí omi bá gun Òkè kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá gùn ún, kó padà sídìí ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ àti ewúrẹ́ tó jẹko olóko.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Kìíní

Ẹnjiníà tó ń bójú tó páìpù ní iléeṣẹ́ wọn mú ṣẹ́ẹ̀tì wá sí ilé ìfọṣọ mi, ó ń fi ọwọ́ nu ojú.

"Ìyá Ìbejì, ẹ gbà wá o! Ọ̀gá wa ti sọ ọ́fíìsì di kóòtù."

Ó ní Lọ́yà gbé àga méjì kọjú síra wọn. Ẹni tó bá mẹ́jọ́ wá á jókòó sí ọ̀kan, òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn á jókòó sí ìkejì, òun á wà láàárín. Obìnrin kan wà tí wọ́n gé omi rẹ̀ nítorí gbèsè aládùúgbò rẹ̀, ó sì ti ń wá síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Lọ́yà gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó gbọ́ tẹnu ẹni tó gé e, ó ní kí wọ́n gbéra báyìí lọ so ó padà. Kí obìnrin náà tó délé, omi ti ń dà ní àgbàlá rẹ̀. Ẹnjiníà ní ẹ̀rín pa àwọn ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ti gbé pátákó kan kọ́ sókè ilẹ̀kùn rẹ̀: AGBẸ́JỌ́ ẸNÌKAN DÁ, ÀGBÀ ÒṢÌKÀ. Mo mọ pátákó yẹn. Ó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́ lókè ilé ìtàwé, níbi tí mo ti kọ́kọ́ rí i nígbà tí mo mú aṣọ oníbàárà kan wá.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Kìíní

Eruku bo ìlú. Aṣọ tí mo sá láàárọ̀ á ti pọ́n kó tó gbẹ. Ní Òkè, owó tí àwọn onítánkì ń gbà lórí dúrọ́ọ̀mù omi kan ti ju owó tí mò ń gbà fọ súùtù ọkọ ìyàwó lọ.

Lọ́yà wọlé tòun tẹ̀rín. Ó ti pín omi. Láti àárọ̀ di ọ̀sán, ti Òkè. Láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, ti Ìsàlẹ̀ níbi táwa ń gbé. Ìdajì-ìdajì, bí ẹni pín ogún bàbá fún ọmọ ìyàwó méjì.

"Kò sẹ́ni tó lè rí àbùkù kankan nínú rẹ̀," ó ní.

Màmá gbójú sókè. "Ṣé omi náà ti gbọ́ ìdájọ́ ọ̀hún?"

A rẹ́rìn-ín títí. Inú mi dùn pé inú rẹ̀ dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Kìíní

Omi náà kò gbọ́. Ẹ̀kán kan kò kán ní Òkè láti ọjọ́ tó ti pín in. Ẹnjiníà ní àwọn ń ṣí i lásìkò, àwọn ń tì í lásìkò. Àwọn ará Òkè ní afẹ́fẹ́ lásán ni ẹ̀rọ ń fẹ́ sí àwọn lójú. Ọkùnrin kan pariwo mọ́ ọn ní títì pé, "Lọ́yà, ẹjọ́ lẹ mọ̀, ẹ ò mọmi!"

Kò jẹun. Ó ṣe mí láàánú débi pé n kò bá a ṣeré.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Kìíní

Mo ti kábàámọ̀ àánú tó ṣe mí yẹn.

"A ń kó lọ sí Òkè," ó wí, bí ẹni tó ní ká ṣí fèrèsé.

Mo ní, "Àwọn ta ni?"

"Èmi, ìwọ, Màmá. Mo ti gba yàrá méjì."

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí o? Gbogbo ayé ń sá kúrò níbi tí kò sómi, ẹ̀yin ń sáré lọ bá a?"

"Ẹjọ́ ilẹ̀ wo ni mo rò rí tí mi ò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ náà?"

"Ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ ò gbé ẹní lọ sùn lórí ààlà!"

Mo yíjú sí Màmá kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ń di aṣọ wọn. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti ń ṣe báyìí láti kékeré, ó ti mọ́ àwọn lára.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kejì

Òkè. Ooru dé, eruku ò sì lọ. Láti ojú fèrèsé wa, mo ń rí òrùlé ilé ìfọṣọ mi nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, mo sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń lọ sẹ́yìn odi.

Ìyá Onílé wa jẹ́ agbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì, ní ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní ìdajì ọ̀nà Òkè yìí. Obìnrin gígùn ni, ẹnu rẹ̀ mú. Nígbà tí a dé, ó wo àpótí wa, ó wo Lọ́yà. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ máa ṣe sùúrù fún wa, a ò tíì kọ́ bí a ṣe ń gbàlejò ọ̀gá olómi láìsí omi." Ó ní nígbà iṣẹ́ òun, ẹni tó bá ń rọbí, àwọn ẹbí rẹ̀ ní láti ru omi ìwẹ̀ ọmọ gun òkè tẹ̀lé e. Bó ṣe rí nìyẹn títí dòní.

Èyí tí mo fẹ́ kọ gan-an nìyí. Láti ọjọ́ tí a ti dé, kí Lọ́yà tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé àpótí ìjókòó sídìí ẹ̀rọ àgbàlá, á fọwọ́ lé páìpù, á máa tẹ́tí sí i bíi dókítà. Àwọn ọmọ àdúgbò ń wò ó láti orí ògiri. Lónìí kò lọ síbi iṣẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé páìpù láti àgbàlá wa dé ìdí Òkè, ó ń fọwọ́ kàn án níbi tó bá ti yọ nílẹ̀, tó fi pàdé ibi tó tutù. Ó dúró síbẹ̀. Ibi tó tutù náà ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sán. Ọ̀sán pọ́n, wọ́n yí omi sí Ìsàlẹ̀ bó ṣe pàṣẹ, ó sì gbọ́ tí omi inú páìpù náà ṣẹ́rí padà, ó ń ṣàn lọ bá àwọn tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Èyí bojú wẹ̀yìn.

Ó wá bá mi ní ilé ìfọṣọ, erùpẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, mo pín in dọ́gba, mo sì ṣègbè."

Mo ní kó jókòó. Kò jókòó.

"Ní kóòtù, bí o bá fún apá méjèèjì ní àkókò kan náà, o ti ṣe déédé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ń gbé lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, èkejì ṣì ń rìn bọ̀ láti oko. Kó tó dé, wọ́n ti ní àkókò rẹ̀ tán. Gbogbo àárọ̀ tí mo fún Òkè, páìpù ni wọ́n fi ń kún, àwa ará Ìsàlẹ̀ ló sì ń mu ún."

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí mo mọ̀ ì bá wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Ẹnjiníà tó tẹ̀ lé e wá wà níbẹ̀, ó rọrùn. Lọ́yà kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo wò ó tòun ti erùpẹ̀ lára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kejì

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ó ti kéde rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, ti Òkè, láìdáwọ́ dúró. Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú ni ti Ìsàlẹ̀. Ẹnjiníà yóò fi irin kan sí ìdí Òkè tí yóò máa jẹ́ kí omi kọjá lọ, tí kò ní jẹ́ kó padà.

Ìsàlẹ̀ ni ilé ìfọṣọ mi wà. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ni mò ń fọṣọ.

Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

Ó ní, "Bí mo bá yọ ọ́ sílẹ̀, mo ti pa ẹjọ́ náà."

Òótọ́ ni, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Inú bí mi síbẹ̀. Èèyàn lè mọ̀ pé òótọ́ ni kí inú ṣì bí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kejì

Alága ìgbìmọ̀ iléeṣẹ́ omi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ni òtẹ́ẹ̀lì ńlá Ìsàlẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì náà, tó ń kó aṣọ ibùsùn wá, sì ni oníbàárà mi tó tóbi jù. Ó kí mi bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi.

"Ìyàwó wa, ẹ ò ha lè bá ọkùnrin yín sọ̀rọ̀? Òtẹ́ẹ̀lì ò lè máa ní kí àlejò lọ wẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin náà ń pàdánù. Àbí ẹ ò ń pàdánù?"

"Mò ń pàdánù, sà."

"Ẹ wí fún un nígbà náà. Á gbọ́ tẹnu yín."

Mo ní, "Alága, ní ilé wa, ẹni tó bá lẹ́jọ́ ní í rò ó. Àga kan ṣófo ní ọ́fíìsì Lọ́yà."

Ẹ̀rín rẹ̀ kú. Ní ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ òtẹ́ẹ̀lì wá kó gbogbo aṣọ ibùsùn wọn, àti èyí tó ṣì tutù. Mo wọ inú yàrá tí a ti ń lọ aṣọ, mo sunkún díẹ̀, mo wá jáde.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kejì

Mo ń ra omi kànga lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ọmọlanke ló ń gbé e wá. Ó wọ́n, ó sì ń dà kálẹ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n mo ń fọṣọ. Aṣọ wà lórí okùn mi. Ìyẹn náà ti di ọ̀ràn. Wọ́n ní Lọ́yà ti ri páìpù kan mọ́lẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, pé òun ló jẹ́ kí aṣọ máa wà lórí okùn Ìyá Ìbejì nígbà tí gbogbo Ìsàlẹ̀ gbẹ. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà wá fún mi ní òun ò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wá páìpù kiri ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kejì



Mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, mo bá èrò ní àgbàlá mi. Alága wà níbẹ̀, àwọn oníròyìn wà níbẹ̀, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ náà kiri wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Ọkọ mi, tó pè wọ́n wá, dúró láàárín wọn. "Ẹ gbẹ́ ibi tó bá wù yín," ló ń wí. "Ẹ máa gbẹ́ títí tí ọkàn yín á fi balẹ̀."

Wọ́n gbẹ́. Kò sí ibi tí wọn kò dé. Òpó okùn ìsáṣọ wó lulẹ̀, àwọn aṣọ funfun ilé ìgbẹ̀bí Òkè, tí mo ti fi omi kànga fọ̀ láàná, wọ inú erùpẹ̀ pupa. Wọ́n rí páìpù kan péré, èyí tí gbogbo ilé ní, ó sì gbẹ táútáú. Ọ̀kan nínú wọn fi ìka sínú rẹ̀, eruku ló bá jáde.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Lọ́yà. Wọ́n ní ẹ ò rí olóòótọ́ ènìyàn! Oníròyìn ya fọ́tò rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi rí mi.

Kò sọ fún mi. Kò béèrè. Àgbàlá mi ni.

Mo ń ṣa aṣọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kejì

A ò tíì sọ̀rọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́" àti "oúnjẹ wà lórí tábìlì" nìkan ló ń kọjá láàárín wa. Ìyá Onílé ní òun kò rí ìdákẹ́ jẹ́ẹ́ tó ń pariwo tó báyìí rí.

Màmá pe Lọ́yà láàárọ̀. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo kúkú fẹ́ gbọ́.

"Kí lo kọ sókè ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ẹ?"

"Màmá…"

"Kà á fún mi."

Ó kà á.

"Ẹni tó gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwọ tí o dájọ́ àgbàlá ìyàwó ẹ láìgbọ́ tẹnikẹ́ni, irú àgbà wo nìwọ? Omi ló dànù, agbè ò tíì fọ́. Má jẹ̀ẹ́ kó fọ́."

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kejì

Ilé ìfọṣọ kún díẹ̀. Mo gbójú sókè, Lọ́yà ló jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà. Ó gba nọ́ńbà bíi gbogbo wọn. Ó dúró de àsìkò tirẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó dìde, ó gbé bẹ́ńṣì kékeré kan wá kọjú sí èyí tí mo wà lórí rẹ̀.

"Mo wá gbọ́ ẹjọ́ tí mi ò gbọ́," ó ní. "Èmi ni olùjẹ́jọ́. Máa wí."

Ẹni tó ń bá mi lọ aṣọ gbé áyọ́ọ̀nù sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Mo wí. Mo ní ọwọ́ mi ni mo fi kọ́ ilé ìfọṣọ yìí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Mo ní mo fara mọ́ ọ̀ràn omi, mo fara mọ́ òtẹ́ẹ̀lì tó lọ, mo kó lọ sórí òkè, n kò sì pariwo síta. Mo ní bó bá béèrè lọ́wọ́ mi, èmi ni ì bá kọ́kọ́ mú ṣọ́bìrì, ṣùgbọ́n ì bá jẹ́ ọwọ́ mi ni, mi ò sì ní sá aṣọ àwọn abiyamọ lọ́jọ́ náà. Mo ní ó fi àgbàlá mi fọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ tèmi sì ni fífọ nǹkan mọ́, kò sì san owó.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì bo ẹnu.

Mo mọ ọkùnrin yìí. Bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, "ṣùgbọ́n" ló máa ń tẹ̀ lé e. Mo ń dúró de "ṣùgbọ́n" náà. Kò wá.

"Mo jẹ̀bi," ó ní. "Níwájú gbogbo ẹni tó wà níbí. Jọ̀ọ́."

Lẹ́yìn náà, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fọ àwọn aṣọ ilé ìgbẹ̀bí. Kò mọ̀ ọ́n fọ̀. Bó ṣe ń fún aṣọ, omi rẹ̀ ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ lé e kúrò níbi iṣẹ́, kó má wá wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi o. A fọ̀ wọ́n tán pa pọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kejì

Omi dé ilé ìgbẹ̀bí! Àná ni, kí àsìkò Òkè tó parí. Àwọn agbẹ̀bí ń jó nínú gọ́tà. Ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀, kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Apá òkè tí àwa ń gbé gbẹ síbẹ̀.

Àwọn ará Ìsàlẹ̀ ti ń bú u ní gbangba. Alága ní ìgbìmọ̀ kò ní dúró de ìparí oṣù Kẹta mọ́. Wọn yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta.

Ọjọ́rú, 25 oṣù Kejì

Ẹnjiníà ní afẹ́fẹ́ ló wà nínú páìpù lókè, ó há sí iwájú omi bíi kọ́ọ̀kì ẹnu ìgò. Ọ̀nà àbáyọ kan ló wà: kí gbogbo ilé tó wà lápá òkè ṣí ẹ̀rọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n má tì í, kí afẹ́fẹ́ lè jáde.

Ó rọrùn lẹ́nu. Lọ́yà ti ń kan ilẹ̀kùn láti Ajé, èmi náà ń bá a kan. Ọ̀pọ̀ ti fi aṣọ dí ẹnu ẹ̀rọ wọn. Ẹnìkan ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí tirẹ̀. Àwọn mìíràn ní bí àwọn bá ṣí i, iléeṣẹ́ omi á ní àwọn lo omi, wọ́n á mú owó wá. Ta ló máa bá wọn wí? Ọdún wo ni wọ́n ti ń ṣèlérí fún wọn?

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹta

Ìyá Onílé ló tú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti ibi ìsìn dé, ó dúró lójú títì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o! Púpọ̀ nínú yín, ọwọ́ mi lẹ bọ́ sí nígbà tẹ́ ẹ wáyé, omi kẹ́ẹ̀gì ni mo sì fi wẹ̀ yín. Gbogbo ọ̀gá olómi tó ti jẹ, inú mọ́tò ni wọ́n ti ń wò wá. Èyí ń bá wa ra omi lọ́wọ́ onítánkì. Mo rí i tó ń fi ife kan wẹ̀ ní àgbàlá mi. Ẹ má bi mí bí mo ṣe rí i. Ẹ lọ ṣí ẹ̀rọ yín!"

Ẹ̀rín sọ. Wọ́n sì lọ. Títí di ìrọ̀lẹ́, a ń gbọ́ tí wọ́n ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́rú, 4 oṣù Kẹta

Gbogbo ẹ̀rọ ń mí. Ìró wọn gba àdúgbò kan bí ẹni tó ń sùn. Omi kò tíì dé.

Lọ́yà ní kí n bá òun gbé ẹ̀wù dúdú jáde. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò bínú. Ó ní bí ìgbìmọ̀ bá ní kí òun máa lọ lọ́la, òun fẹ́ wà ní kóòtù lọ́jọ́ Ajé, nítorí àwọn ará Òkè á tún nílò lọ́yà. Mo lọ ẹ̀wù náà. Kọ́là ti pọ́n díẹ̀ nínú àpótí. Mo ní màá fọ̀ ọ́ lọ́la.

Mo sọ ọ́ fún un pé n kò rí ẹni tó dà bíi rẹ̀ rí. Ó ní ṣé ìyìn ni àbí ẹ̀sùn. Mo ní méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kẹta

Ó ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìpàdé. Mo bu omi onítánkì díẹ̀ sínú bàsíà, mo gbé kọ́là jáde sí àgbàlá, mo jókòó lórí àpótí ìjókòó tirẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Màmá àti Ìyá Onílé wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lè ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀rọ náà dákẹ́ lójijì. Mo rò pé ó ti parí. Ó wá ní "hẹ́ẹ̀!" bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun, ó tu ìpẹtà, ó tún tu ìpẹtà, omi pupa tẹ̀ lé e, ó dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ń dà. Ó ń dà, ó sì ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Onílé ju ọ̀pá rẹ̀ nù. Ariwo sọ láti ilé dé ilé gba ojú títì lọ sókè. Màmá bọ́ sí abẹ́ rẹ̀ tòun ti gèlè lórí.

Mo sunkún, n kò sì wá yàrá tí màá sá wọ̀ ní tọ̀tẹ̀ yìí.

Mo pe Lọ́yà lórí fóònù. Ó ti pa á. Kò jẹ́ kí fóònù dún níbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́jọ́. Mo da omi onítánkì nù. Mo fi omi ẹ̀rọ fọ kọ́là náà, mo fún un, mo di ọwọ́ mọ́ ọn, mo sì sáré sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ìpàdé ń lọ lọ́wọ́. Mo ní mo mú aṣọ oníbàárà wá. Òótọ́ ni.

Gbogbo wọn jókòó yí tábìlì ká, Alága ní ìkángun, Lọ́yà lórí ìdúró níwájú wọn. Alága ń sọ pé ìgbìmọ̀ mọ rírì akitiyan, ṣùgbọ́n kálukú ní ibi tí Ọlọ́run fi í sí, pé kóòtù ń dúró de ọ̀gbẹ́ni. Ó rí mi, ó dákẹ́.

"Ẹ má bínú, sà," mo ní. Mo kọjú sí ọkọ mi. "Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò lè padà sí kóòtù. Kọ́là yín ò tíì gbẹ."

Mo gbé e sórí tábìlì níwájú Alága. Omi ń kán láti ara rẹ̀ sórí igi dídán náà.

Alága wò ó. "Ọjọ́bọ̀ nìyí. Kò sómi ní ṣọ́ọ̀bù yín. Omi wo lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Omi ẹ̀rọ Òkè," mo ní. "Ó ṣì ń dà."

Lọ́yà, ọkùnrin tó ń fẹnu jẹun, mú kọ́là náà lórí tábìlì, ó fi bojú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kẹta

Òjò àkọ́kọ́. Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Alága náà buwọ́ lù ú. Òtẹ́ẹ̀lì kò tíì padà wá, n kò sì bẹ̀ wọ́n. Mo ti gba ẹ̀yìnkùlé Ìyá Onílé láti so okùn tuntun, aṣọ ilé ìgbẹ̀bí ló kọ́kọ́ gorí rẹ̀.

Kọ́là náà ti gbẹ tipẹ́. Mi ò tíì lọ̀ ọ́.